Eélòó Lo Fún Un?

Lálẹ́ ọjọ́ tí ọlọ́pàá dá mi dúró lójú títì ní Texas, mo pe màmá mi ní Ṣàgámù, mo ròyìn fún wọn. Wọn ò bi mí bóyá mo fara pa. Wọn ò bi mí bóyá ọkọ̀ bàjẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ní.

"Eélòó lo fún un?"

"Màmá, n ò fún un ní nǹkan kan."

"Ó wá fi ẹ́ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Rárá, Màmá. Ó já ìwé fún mi ni. Ó ní mo sá eré àsápajúdé."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí wọ́n yíjú sí ẹnì kan tó jókòó tì wọ́n: "Ọmọ yìí ò mọ ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Amẹ́ríkà ti gba ẹnu ẹ̀."

Kí ẹ tó bá màmá mi wí, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n wọn. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi ta oúnjẹ ní Ogere, níbi tí tírélà máa ń tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà yẹn. Màmá mi máa ń sọ pé òun àti ọ̀nà náà jọ dàgbà ni. Dẹ́rẹ́bà tó gbé sìmẹ́ńtì lọ sókè Ọya, èyí tó ń kó àlùbọ́sà àti tòmátì bọ̀ wá sí Máìlì 12, gbogbo wọn ló ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń jẹun ni wọ́n ń ka ìnáwó ọ̀nà síra wọn létí. Torí náà, bí màmá mi ṣe mọ iye tí kóńgò ẹ̀wà kan ń lọ lọ́jà ni wọ́n mọ iye tí wọ́n ń gbà níbi ìdádúró kọ̀ọ̀kan láti Ṣàgámù títí dé Jẹ́bà. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ ojú pópó wà, àwọn tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága wọn àkọ́kọ́, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn yẹn máa ń já tíkẹ́ẹ̀tì tí èèyàn á lọ san ní báńkì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn yẹn ni wọ́n ní lọ́kàn. Àwọn tó ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú èèyàn lóru ni wọ́n ń sọ. Lójú màmá mi, agbófinró tí kò tíì dárúkọ iye kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

Ohun tó sì ń dùn wọ́n gan-an kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì. Owó ìrẹsì Ogere ni wọ́n fi rán mi lọ sí yunifásítì. Mo kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó, mo ṣe àgùnbánirọ̀, mo ríṣẹ́, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo gba físà, mo dé Houston. Mo bá wọn to páálí nínú ilé ìkẹ́rùsí lóru, mo fi ọkọ̀ ara mi gbé èrò lọ́sàn-án. Ní ọdún kẹrin ni mo pè wọ́n pé mo ti rí iṣẹ́ gidi tí mo fẹ́ ṣe.

"Iṣẹ́ wo nìyẹn?"

"Tírélà, Màmá. Mo fẹ́ máa wa tírélà."

Wọ́n ní, "Èmi bọ́ onítírélà fún ogún ọdún kí o má baà di onítírélà. O wá wọ bàálù lọ dì í."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nílẹ̀ nìyẹn kí tíkẹ́ẹ̀tì tó dé.

Ọjọ́ tí mo lọ san àsansílẹ̀ owó nílé ẹ̀kọ́ awakọ̀ tírélà ló ṣẹlẹ̀. Mò ń ti ọ̀nà Austin bọ̀ wá sí Houston, lójú ọ̀nà 290. Ọ̀nà náà gbà ọ́ láàyè kí o sá máìlì 75 ní wákàtí kan, àfi bí ó bá ti kù díẹ̀ kí o wọ ìlú kékeré kan. Pátákó á kàn yọ sí ọ ní 65. O ò tíì gbé e mì, òmíràn á ní 55. Texas yìí kan náà ló ní ọ̀nà tí wọ́n ti lè sáré jù lábẹ́ òfin ní gbogbo Amẹ́ríkà, State Highway 130 lápá Austin, níbi tí pátákó ti kọ 85 gàdàgbà-gàdàgbà. Ìpínlẹ̀ tó fi ọwọ́ ọ̀tún fún ọ ní 85 ló fi ọwọ́ òsì mú mi ní 71. Nílé, òfin ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ò gbọdọ̀ kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí kan lójú ọ̀nà márosẹ̀, kòtò ló sì ń bá ìjọba fi òfin náà múlẹ̀. Ọ̀nà 290 kò ní kòtò. Ó ń tàn, ó ń dán, ó ń pè ọ́. Inú mi dùn, mò ń ronú orúkọ tí n ó kọ sára tírélà mi. Ṣé kí n kọ "Orí Mi Gbè Mí" ni, àbí "Ìyá Ni Wúrà"? Iná pupa àti búlúù tó yọ lábẹ́ igi kan létí ọ̀nà ló bá mi dá a pé kí n má tíì kọ nǹkan kan.

Ohun tí ara mi mọ̀ ni mo ṣe. Mo páàkì, mo tú bẹ́líìtì, mo ṣílẹ̀kùn, mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Níbi tí wọ́n ti tọ́ èmi, bí agbófinró bá dá ọ dúró tí o jókòó sínú ọkọ̀ bí ọba, ìyà lo ń fi ọwọ́ pè. Ẹni tó bá mọ ìwà hù á sọ̀kalẹ̀, á ti máa rẹ́rìn-ín bọ̀ láti òkèèrè, á ní "Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú oòrùn," á tẹ̀ríba díẹ̀, kí wọ́n tó jọ sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. N ò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ọkọ̀ ọlọ́pàá fi bú ramúramù: kí n padà sínú ọkọ̀, kí n gbé ọwọ́ síbi tí òun á ti rí i. Mo padà wọlé kíá. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí sítíárìn bí ọmọ tí tíṣà fẹ́ yẹ èékánná ẹ̀ wò. Ọ̀wọ̀ ni mo fẹ́ bù fún un o. Ìjà ló rí.

Ó dé ojú fèrèsé. Ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni, ó fá irùngbọ̀n mọ́ roro. Ó kí mi, ó pè mí ní sà, ó béèrè bí ọjọ́ mi ṣe ń lọ. Ìyẹn gan-an ló já mi láyà. Ọlọ́pàá tó ń pariwo, mo mọ ibi tí mo lè gbà sí i lára. Èyí tó ń béèrè àlàáfíà mi, kò síbi tí mo lè dì mú.

Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Mo ní àṣìṣe ni. Mo ní mo ní ọmọ méjì nílé. Mo ní bàbá rẹ̀ ni mo jẹ́, bí a bá fojú ọjọ́ orí wò ó, èyí tí kì í ṣe òótọ́. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ó ń tẹ nǹkan sínú ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó fojú àánú wò mí. Ó ní òun gbọ́, sà, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo ti ṣe tán láti dárúkọ ẹni tí mo mọ̀, ni mo rántí pé n ò mọ ẹnikẹ́ni. Ní gbogbo Texas, ẹni tó ga jù tí mo mọ̀ ni alága ẹgbẹ́ ọmọ Rẹ́mọ, òun náà sì ń bá tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ jà lọ́wọ́.

Ó béèrè ibi tí mo ti ń bọ̀. Mo ní ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ tírélà. Ìgbà yẹn nìkan ló gbójú sókè. Ó wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó wò mí, ó ní kí orí bá mi ṣe é.

Ó wá ní kí n fọwọ́ síwèé. Mo kọ̀ jálẹ̀. Bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, kọ́ wa pé ìwé méjì lèèyàn kì í dédé fọwọ́ sí, ti onígbèsè àti ti ọlọ́pàá. Ọmọkùnrin náà fi sùúrù ṣàlàyé: fífọwọ́ sí i kò túmọ̀ sí pé mo jẹ̀bi, ìlérí lásán ni pé n ó jẹ́ ìpè ilé-ẹjọ́ kí ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ tó pé, bí n ò bá ṣèlérí, ó lè mú mi dání lọ. Mo fọwọ́ sí i. Ó fún mi ní ìwé gbọọrọ kan tó dà bí rìsíìtì ọjà ọdún Kérésì. Máìlì 71 níbi tí 55 wà. Ó ní kí n rọra máa wakọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú 15, yàtọ̀ sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹnikẹ́ni ò pariwo, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ̀ mí ju bí ìgbà tí wọ́n dá mi dúró fún wákàtí mẹ́ta lọ.

Ìwé náà ní mo lè san owó ìtanràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí mi wú. Mo ní ẹ wo ìlú tó dáa, kò sí wá lónìí, kò sí wá lọ́la. Ní òwúrọ̀ Sátidé mo tẹ nọ́ńbà káàdì mi sí i, ó ku bọ́tìnì ìkẹyìn, ni ìyàwó mi pariwo láti ìsàlẹ̀ pé a ti pẹ́ fún ìkómọjáde. Mo pa kọ̀ǹpútà dé. Títí di òní mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n kó jáde lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti gbàgbé márùn-ún nínú orúkọ méje tí wọ́n sọ ọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye lọ́yà tó wà láàárín Yorùbá Houston, ẹ mú ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì wọ ibi àríyá. Ẹnì kan ní kí n lọ jókòó sílé-ẹjọ́, pé bí ọlọ́pàá ò bá yọjú, ẹjọ́ tú. Ẹnì kan ní kí n máa jẹ ẹran mi, pé Texas ti pa owó póíńtì rẹ́ ní 2019. Ẹnì kan tí kò ní mọ́tò ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ 3.

Ẹ̀gbọ́n kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Tírélà. Àtìgbà tí awakọ̀ ti ń fi bírò kọ wákàtí iṣẹ́ sínú ìwé ni wọ́n ti wà lójú ọ̀nà, kí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ bírò ní ìparí 2017. Ẹran ṣàkì wà lẹ́nu wọn. Wọ́n gbé e mì láìjẹ.

"O ti san án?"

"Ó ku díẹ̀, sà."

"Má san án! Ṣé o ti ya wèrè ni?"

"Ṣùgbọ́n, sà, gbèsè ni. Bí mo bá ti san án, ọ̀rọ̀ tán."

Wọ́n dìde, wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà ọtí. "Nílé, bí o bá ti sanwó, ọ̀rọ̀ tán. Níbí, bí o bá sanwó, o jẹ́wọ́ nìyẹn. Ẹ̀bi lo fi káàdì ẹ rà."

Wọ́n wá là mí lóye. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì yẹn ti gbà pé òun jẹ̀bi, ìdájọ́ á sì wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ ìwakọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n pa rẹ́ ní 2019 ni owó àfikún tí wọ́n ń bù lé awakọ̀ lórí nítorí póíńtì. Ẹnikẹ́ni ò pa ìdájọ́ rẹ́. Ilé-iṣẹ́ tírélà tó bá fẹ́ gbà ọ́ á ní kí o fọwọ́ ara rẹ kọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ojú títì tó wà lọ́rùn rẹ láàárín ọdún 3 sẹ́yìn, á sì lọ yọ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ fúnra rẹ̀, á fi wé èyí tí o kọ. Bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ ọ, ìnṣọ́ránsì rẹ̀ lè ní òun ò fẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyàtọ̀ ilé àti òkèèrè. Nílé, inú orí agbófinró ni ẹ̀ṣẹ̀ ojú títì ń gbé. Bí o bá ti tù ú lójú, tàbí tí iṣẹ́ rẹ̀ parí tí ẹlòmíràn gba ipò rẹ̀, o ti di ẹni mímọ́. Dẹ́rẹ́bà tó bá ìjọba jà láàárọ̀ ní Ṣàgámù á dé Ìbàdàn lọ́sàn-án, kò ní àbàwọ́n kankan. Níbí, ọlọ́pàá tó mú mi lè ti gbàgbé mi kó tó délé. Kọ̀ǹpútà ò ní gbàgbé. Kò sì sí bí èèyàn ṣe ń tẹ̀ríba fún kọ̀ǹpútà.

Ti ẹni tó bá ti ní CDL tún burú jù. CDL ni ìwé àṣẹ àwọn tó ń wa àjàgbé. Fún wọn, bí èèyàn bá fi àjàgbé sá máìlì 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá ohun tí pátákó wí, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lójú òfin ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá méjì láàárín ọdún 3, wọ́n á ní kí o lọ jókòó fún ọjọ́ 60. Bó bá di mẹ́ta, ọjọ́ 120. Bàbá Tírélà jókòó 60 tiwọn. "Mo ń wo tírélà mi láti ojú fèrèsé," wọ́n wí, "báńkì sì ń gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé mò ń wà á."

Mo ṣírò tèmi, àbí kí ni mo kọ́ ní yunifásítì? 71 dín 55, ó ku 16. Òótọ́ ni pé mọ́tò ilé ni mo wà, n ò sì tíì ní CDL, òfin yẹn ò tíì kàn mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi tírélà rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ mọ̀ pé ẹsẹ̀ tó tẹ 16 nínú Corolla, ẹsẹ̀ yẹn náà ni mo máa gbé wọ inú àjàgbé. Máìlì 2 péré tí mo bá dín kù, ì bá jẹ́ 14, ojú ì bá má tì mí tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wà, Bàbá Tírélà ní, àmọ́ ẹsẹ̀ tí mo bá kọ́kọ́ gbé ṣe pàtàkì. Òfin Texas gbà kí awakọ̀ béèrè fún kíláàsì ìwakọ̀ jẹ́jẹ́, kí wọ́n sì tú ẹjọ́ rẹ̀ ká. Kó béèrè kí ọjọ́ tó wà lára ìwé tó pé. Kó má tíì ṣe irú rẹ̀ láàárín oṣù 12. Eré rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó máìlì 25 lókè ohun tí pátákó kọ. Kó má jẹ́ pé ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń tún ọ̀nà ṣe ni wọ́n ti mú un. Gbogbo ìyẹn, mo yege. Ọ̀kan tó kù ló fẹ́ gbé mi dè: àánú yìí kò sí fún oní-CDL tàbí ẹni tó ti gba káàdì ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ti kà á léèwọ̀ fún gbogbo ìpínlẹ̀ láti bo ẹ̀ṣẹ̀ ojú títì mọ́lẹ̀ fún wọn, kódà bó jẹ́ pé mọ́tò ilé ni wọ́n fi lọ ra búrẹ́dì. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo sanwó fún sì ti ní kí n lọ gba káàdì ìkọ́ṣẹ́ tírélà ní Ọjọ́ Ajé.

"Má dé ọ́fíìsì yẹn," Bàbá Tírélà ní. "Má gba ẹ̀bá ẹ̀ kọjá. Ilé-ẹjọ́ lákọ̀ọ́kọ́, tírélà lẹ́yìn."

Mo wọ kóòtù, mo so táì, mo lọ sí ilé-ẹjọ́ ìlú kékeré náà. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ mi sórí láti Houston. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń hun súwẹ́tà lẹ́yìn gíláàsì ló gba ìwé lọ́wọ́ mi. Kò sí adájọ́, kò sẹ́ni tó ní kí n sọ tẹnu mi. Ó wo ìwé àṣẹ mi, ó wo ìnṣọ́ránsì, ó ní kí n búra lórí ìwé pé n ò tíì ṣe kíláàsì láàárín ọdún kan. Ó wá ní kí n mú ọ̀kan: mo jẹ̀bi, àbí n ò bá wọn jiyàn. Èmi ò mọ̀ pé òfin ní irú ìdáhùn kejì yẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ọkọ ṣe ń dá ìyàwó lóhùn ní agogo méjìlá òru ni: "Ó dáa, mo ti gbọ́." Ìyẹn ni mo mú. Mo san owó ilé-ẹjọ́, ó fún mi ní 90 ọjọ́ láti mú ìwé ẹ̀rí kíláàsì àti ìwé àkọsílẹ̀ ìwakọ̀ mi wá, ó sì padà sí ìdí súwẹ́tà rẹ̀. N ò ní irọ́ pa, inú bí mi díẹ̀. Mo ti múra ẹ̀bẹ̀ tó dáa.

Wákàtí 6 ni kíláàsì náà. Ní Texas, èyí tí aláwàdà ń kọ́ni wà, kí oorun má baà kun àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ṣe tèmi, lálẹ́, pẹ̀lú abọ́ jọ̀lọ́ọ̀fù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fídíò náà kò ṣeé fò. Mo gbìyànjú ọgbọ́n ilé wa, mo ní kó máa ṣeré lọ kí n lọ bomi sára. Bí mo ṣe padà dé, ó ti dúró, ó ń bi mí léèrè àwọ̀ ọkọ̀ tó kọjá ṣẹ́ṣẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ tó bá ń sá máìlì 71 á gbé tó ẹsẹ̀ bàtà 104 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Wọ́n ní àjàgbé tó bá ru ẹrù kún, tó wọn pọ́n-ùn 80,000, tó sì ń sá 65, lè gba gígùn pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà méjì kó tó dúró.

Ibẹ̀ ni mo ti dá fídíò náà dúró. Mo rántí igi.

Tírélà Ogere kọ̀ọ̀kan ló ní bọ́ì kan nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹ̀yìn ni bọ́ì ń gbé, ó rọ̀ mọ́ ara ọkọ̀ bí alángbá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni igi: ègé igi ńlá kan tí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ kan ṣóńṣó. Bí tírélà bá ti ń dẹwọ́ eré lórí òkè, bọ́ì á ti fò sílẹ̀, á máa sáré tẹ̀lé táyà, á ki igi náà bọ ìdí rẹ̀, ọkọ̀ á jó rẹ̀yìn díẹ̀, á gun igi, igi á han kíkan, ọkọ̀ á dúró. Bíréèkì nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn wà tó máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ màmá mi, kò lè jù mí lọ ní ọdún mẹ́ta. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí awọ bàtà. Ó dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àkísà tí wọ́n wé mọ́ ọwọ́ òsì, ìka méjì kò sí nínú àkísà náà mọ́. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ó fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ ìrẹsì rẹ̀, ó ní kí màmá mi fi ẹja sí i. Màmá mi fi ẹja méjì, wọn ò gbowó. A ò rí i mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn.

Mo parí kíláàsì náà láìfò nǹkan kan.

Ilé-ẹjọ́ tú ẹjọ́ ká. Mo pe màmá mi, mo ní ó ti parí, kò sí ìdájọ́ kankan lórí ìwé mi.

"Eélòó ni gbogbo ẹ̀?"

Mo ṣírò rẹ̀ fún wọn: owó ilé-ẹjọ́, owó kíláàsì, owó ìwé àkọsílẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó pé igba dọ́là. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ ní náírà. Mo sọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn.

"Wọ́n gbà á náà," ni wọ́n ní. "Rìsíìtì ni wọ́n fi bò ó."

Mo wá lọ gba káàdì ìkọ́ṣẹ́. Láti oṣù kejì 2022, òfin ti ní kí awakọ̀ tuntun gba ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba mọ̀ kọjá kó tó ṣe ìdánwò, káàdì ìkọ́ṣẹ́ sì gbọdọ̀ pé ọjọ́ 14 lọ́wọ́ rẹ̀. N ò ní fi ìtàn ilé ẹ̀kọ́ dá yín lágara, àfi pé mo mọ ara tírélà ju ara mi lọ báyìí, mo sì fi ẹ̀yìn tírélà pa kóònù aláwọ̀ ọsàn tó pọ̀ tó láti fi dá ọjà sílẹ̀. Mo yege. Ilé-iṣẹ́ kan yọ ìwé mi wò, wọn ò rí àléébù, wọ́n gbà mí, wọ́n fi mí sọ́wọ́ ọ̀gá kan láti Louisiana tí kì í sọ̀rọ̀ ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ lóòjọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí a páàkì, mo fi fóònù ya inú tírélà han màmá mi: ibùsùn, fíríìjì, àga tó ń mì bí àga ọba. Wọ́n wò ó tán.

"Bọ́ì ẹ dà?"

"N ò ní bọ́ì, Màmá. Èmi àti ọ̀gá tó ń kọ́ mi nìkan ni."

"Ta wá ló ń ki igi?"

"Afẹ́fẹ́ ló ń dá a dúró, Màmá. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, bíréèkì á fúnra ẹ̀ dì í."

Wọn ò fèsì kíákíá. Mo mọ ẹni tí wọ́n rántí.

"Kí ni wọ́n kọ sí ara ẹ̀?"

"Orúkọ ilé-iṣẹ́ àti nọ́ńbà."

"Nọ́ńbà ló máa ṣọ́ ẹ?" Wọ́n mi orí. "Oorun ńkọ́? Àwọn tèmi, obì ni wọ́n ń jẹ kí oorun má gbé wọn lọ."

Mo ṣàlàyé pé ẹ̀rọ kan wà níwájú mi tó ń ka wákàtí. Bí mo bá ti wakọ̀ fún wákàtí 11, ó tán, àfi kí n lọ sinmi fún wákàtí 10.

"Ẹ̀rọ ló ń lé ẹ lọ sùn?" Inú wọn dùn gan-an sí èyí. "Ìyá ẹ ò rí ẹ lé lọ sùn rí, ẹ̀rọ wá rí ẹ lé!"

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n rán wa lọ sí Austin. Tírélà ilé-iṣẹ́ wa kì í kọjá 65, wọ́n ti fi ẹ̀rọ dè é, bí o bá fẹ́ kó o fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lórí rẹ̀. Bí a ṣe ń padà bọ̀ sí Houston, gbogbo ayé ló ń kọjá wa lójú ọ̀nà 290. Ìyá àgbà kan tí orí rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ lókè sítíárìn kọjá wa, ó sì wò mí bí ẹni tó ń káàánú. Nígbà tí pátákó 65 yọ, mo dẹwọ́. Nígbà tí 55 yọ, mo ti wà ní 52. Ọkọ̀ ọlọ́pàá náà wà níbẹ̀, lábẹ́ igi kan náà, ó kọjú sí ọ̀nà. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo tẹ orí ba díẹ̀.

Ọ̀gá mi láti Louisiana yíjú sí mi, ó ní ta ni mò ń kí.

Mo ní ọmọ mi kan ni.